Orí Keje: Ibi Tí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Bá Dúró Sí Ni Ẹ̀rí Rẹ̀

Omi ṣì kún inú ẹ̀rọ, aṣọ ń léfòó lójú omi, ọṣẹ kò tíì ṣàn kúrò lára wọn, ẹ̀rọ ìfọṣọ sì dákẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: a ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, a ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó pa á, a ó tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, a ó fọwọ́ fún aṣọ náà, a ó sì pe oníṣẹ́. Bí owó tí oníṣẹ́ pè bá ju agbára lọ, ẹ̀rọ náà á di tábìlì tí a ń kó ẹrù lé ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun kan wà tí a fò nínú gbogbo èyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: a kò béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà bá iṣẹ́ dé kí ó tó dúró. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí a ń ti òkè da aṣọ sí kì í ṣàdédé dákẹ́. Ibi tó bá dúró sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tó dá a dúró, ohun náà sì sábà máa ń jẹ́ ohun tí àwa fúnra wa fi bọ́ ọ láti ìta: omi, ọṣẹ, aṣọ, iná, tàbí ilẹ̀ tí a gbé e lé. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rí yìí í kà yóò tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe láìtú bóòtù kan, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó yọwọ́ kí ó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí a tó lè ka ẹ̀rí náà, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ yìí. Bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, agbọ̀n oníhò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ lẹ ó kọ́kọ́ rí. Inú rẹ̀ ni aṣọ ń wọ̀. Agbọ̀n yìí jókòó sínú ike ńlá kan tí kò níhò, ike yìí ló ń gba omi dúró. Ní ìsàlẹ̀ agbọ̀n ni àwo kan wà tí ojú rẹ̀ ṣe kángunkàngun, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì láti ru omi àti aṣọ pọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe fún ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, òpó kan tó dúró láàárín agbọ̀n ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Mọ́tò kan ṣoṣo ní abẹ́ ẹ̀rọ ló ń yí àwo, òun náà ló sì ń yí agbọ̀n nígbà tó bá kan fífún aṣọ. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tó ní sípíríńgì ló so gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí òde, kí ó lè máa mì láìfara gbá ògiri àpótí. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ìpele mẹ́rin: á fa omi, á fọ aṣọ, á da omi nù, á fún aṣọ. Ẹ̀rọ náà kò lójú, kò sì mọ̀ bóyá aṣọ mọ́ tàbí kò mọ́. Àkókò ló ń kà, ìròyìn ló sì ń retí: ṣé omi ti tó, ṣé omi ti tán, ṣé ìdérí wà ní pípadé, ṣé agbọ̀n kò gbá ẹ̀gbẹ́. Bí ìròyìn kan kò bá dé lásìkò, kò ní kọjá sí ìpele tó kàn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ LG, á kọ IE bí omi kò bá wọlé tó, OE bí omi kò bá jáde, UE bí ẹrù inú rẹ̀ kò bá dọ́gba, dE bí ìdérí kò bá padé. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní lẹ́tà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ibi tí mo dé rèé, ohun tí mo ń retí kò dé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn omi. Fáàfù kékeré kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà omi. Iná ló ń pàṣẹ fún un pé kó ṣí, ṣùgbọ́n agbára omi tó ń ti rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ló ń parí iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà fi ń béèrè agbára omi tí kò dín ní 0.3 bar, tí àwọn mìíràn sì ń béèrè 0.5. Bí omi bá ń ti tánkì sọ̀kalẹ̀ láìsí pọ́ǹpù, mítà kọ̀ọ̀kan tí ojú omi inú tánkì fi ga ju ẹ̀rọ lọ ń mú nǹkan bí 0.1 bar wá. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 0.5 bar ń fẹ́ kí omi inú tánkì fi mítà 5 ga jù ú lọ nìyẹn. Ẹ wá wo ilé alájà kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí tánkì rẹ̀ wà lórí òpó irin tó fi díẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Ẹ̀rọ ayálégbé ìsàlẹ̀ á fa omi wàràwàrà. Ti ayálégbé òkè, tí tánkì fi mítà 2 péré ga jù, á máa fa omi tíntìntín títí àkókò tí a dá fún un yóò fi pé, á sì dúró. Ẹni òkè á ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ tánkì ni kò ga tó. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá dúró sí ìpele ìfami, ẹ ti ẹ̀rọ omi pa, ẹ tú rọ́bà omi kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ sì wo asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ibẹ̀. Iyanrìn bóhóòlù àti ìpẹ́pẹ́ ìpẹtà páìpù ló máa ń dí i. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó tó láti fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ẹnu rọ́bà náà bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ wo bí omi ṣe ń jáde. Bí ó bá ń jáde tagbára-tagbára tí asẹ́ sì mọ́, fáàfù ló ní ẹjọ́. Bí kò bá lágbára, pọ́ǹpù kékeré ló ń fẹ́, tàbí kí ẹ máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí i láti òkè. Àǹfààní ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà lókè nìyí: bí omi bá ti dé ìwọ̀n, kò béèrè ẹni tó pọn ọ́n.

Òdìkejì ìṣòro yìí ni omi tí kì í dúró. Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ ń dá láti mọ ìwọ̀n omi rọrùn púpọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gùn láti ìsàlẹ̀ ike òde lọ sí òkè, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Bí omi ṣe ń ga sí i ló ń ti afẹ́fẹ́ yẹn sókè, afẹ́fẹ́ á sì tẹ ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé omi ti tó. Bí rọ́bà náà bá yọ, bí eku bá jẹ ẹ́, tàbí bí ìdọ̀tí ọṣẹ bá dí i lẹ́nu, ìròyìn kò ní dé, omi á sì máa kún títí yóò fi dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdánwò kan wà tí kò ní ìnira. Nígbà tí omi ń wọlé láìdúró, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ. Bí omi bá dúró lójú ẹsẹ̀, fáàfù ń gbọ́ràn, ìròyìn ni kò dé. Ibi rọ́bà afẹ́fẹ́ yẹn ni kí ẹ wá a lọ. Bí omi bá ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, fáàfù ni kò pa mọ́: ó lè jẹ́ pé iyanrìn há a lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ pé omi tánkì kò ní agbára tó tó láti tì í pa. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Ẹ̀rọ tó ń fi pọ́ǹpù da omi nù ń fẹ́ kí a gbé ẹnu rọ́bà ìdàminù rẹ̀ kọ́ sókè. Bí a bá jù ú sílẹ̀, bí omi ṣe ń wọlé ni yóò máa jáde, ẹ̀rọ á sì máa fa omi bí ẹni ń rọ omi sínú ajere. Ti ẹ̀rọ tí kò ní pọ́ǹpù yàtọ̀ pátápátá: rọ́bà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, nítorí omi rẹ̀ ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn omi ni ọṣẹ, ibẹ̀ sì ni àṣà wa àti bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ti bára mu. Púpọ̀ nínú wa gbà pé ọṣẹ tí kò bá hó kò lè fọ aṣọ. Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó nídìí nínú ìfọwọ́fọṣọ. Bí a bá ń fọwọ́ fọṣọ, tí ìfòfó bá rọlẹ̀, ó ń sọ fún wa pé ìdọ̀tí tàbí omi líle ti gba ọṣẹ tán, ó yẹ kí a fi kún un. Ẹni tó ń fọwọ́ fọṣọ sì lè ṣan aṣọ nígbà mẹ́ta, mẹ́rin, títí omi yóò fi mọ́ kedere. Ẹ̀rọ kò ní àǹfààní yẹn. Ìwọ̀n omi kan ni a dá fún un, ìgbà tí yóò ṣan aṣọ kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀. Ohun tó ń fọ aṣọ gan-an ni èròjà inú ọṣẹ tí ìdí rẹ̀ kan ń di òróró mú tí èkejì ń di omi mú, tó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rá kúrò lára òwú. Afẹ́fẹ́ tí omi ọṣẹ dì mọ́ra lásán ni ìfòfó. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ, á di tìmùtìmù láàárín aṣọ, aṣọ kò ní lè ha ara wọn mọ́. Á kún àlàfo tó wà láàárín agbọ̀n àti ike òde, á sì dí agbọ̀n lọ́wọ́ nígbà ìfúnṣọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nítorí omi tútù ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa ń lò, ó dára kí ẹ kọ́kọ́ po ọṣẹ ẹlẹ́bú nínú abọ́ kí ẹ tó dà á sí i. Ọṣẹ ìfọṣọ oníbulọ́ọ̀kù àti ọṣẹ dúdú kò yẹ ẹ̀rọ, pàápàá níbi tí omi bá ti le. Omi tó ń gba inú òkúta ẹfun kọjá, irú òkúta tí àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ń wà ní Ewékorò àti Ṣágámù, máa ń gbé kálísíọ̀mù dání. Kálísíọ̀mù yìí á bá irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ dì, á di ẹrẹ̀ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ara aṣọ àti ara ike.

Ẹrẹ̀ náà kì í lọ sí ibi tí ojú lè rí. Ẹ̀yìn agbọ̀n ló ń kóra jọ sí, nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin, òun àti fọ́nrán òwú àti ìdọ̀tí ara. Ibẹ̀ ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Moraxella osloensis ló ń ṣe èròjà tó ń mú kí aṣọ tí a ti fọ̀ máa rùn bí àkísà tútù, àti pé kòkòrò náà lè fara da gbígbẹ. Nítorí náà, bí aṣọ bá mọ́ lójú ṣùgbọ́n tó ń rùn nímú, pàápàá lásìkò òjò tí aṣọ ń pẹ́ kó tó gbẹ, kí ẹ má ṣe fi ọṣẹ kún ọṣẹ, nítorí oúnjẹ lẹ ń fi kún oúnjẹ fún kòkòrò náà. Ẹ̀rọ ni kí ẹ fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fa omi dé ìwọ̀n tó ga jù láìsí aṣọ nínú rẹ̀, ẹ da bílíìsì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Hypo tàbí Jik, sí i ní ìwọ̀n tí ara ike rẹ̀ sọ, ẹ jẹ́ kó rú u pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fún wákàtí kan, kí ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ funfun ti omi líle ni ìṣòro, finígà ló ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bílíìsì àti finígà kò gbọ́dọ̀ pàdé láé. Bí wọ́n bá pòpọ̀, gáàsì kíloríìnì ló ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ẹ fi ọjọ́ sáàárín wọn, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan ẹ̀rọ. Bákan náà, bí omi bóhóòlù yín bá ní irin nínú, bó ṣe wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, tí ó mọ́ nígbà tí ẹ bu ú tí ó wá ń pọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, bílíìsì yóò mú kí pípọ́n náà yá kánkán ni, aṣọ funfun á sì di aláwọ̀ ìpẹtà.

Ìpele kejì ni fífọ̀. Bí omi bá ti tó tí ẹ̀rọ ń kùn ṣùgbọ́n tí àwo kò yí, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni kí ẹ pè: aṣọ, iná, àti ohun tó há sábẹ́ àwo. Kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, bóyá 7 tàbí 10, ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ ni. Aṣọ òwú tó mu omi yó lè wúwo ju bó ṣe wà ní gbígbẹ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Bí aṣọ kò bá ní àyè láti yípo láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó ti pọ̀ jù. Ní ti iná, agbára tí irú mọ́tò tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí fi ń yí nǹkan kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóòtì. Ìlọ́po fóòtì náà pẹ̀lú ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí iná bá rọlẹ̀ láti 230 sí 160 fóòtì, a lè rò pé bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, agbára tó kù fún mọ́tò náà kò tó ìdajì: bí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mọ́tò tí kò rí agbára yí á máa fa iná sára, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jóná nígbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí fífọṣọ lábẹ́ iná tó ń ṣe bàìbàì fi burú ju àìfọṣọ lọ, tí sitebiláísà tó ká iṣẹ́ náà sì fi yẹ. Bí iná bá dára, tí ẹrù kò pọ̀, tí mọ́tò ṣì ń kùn láìyí, kapásítọ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí kò wọ́n, kò sì pẹ́ rọ́pò. Bí ẹ bá sì gbọ́ kíkẹ̀kẹ̀ lábẹ́ àwo, owó ẹyọ, bọ́tìnnì tàbí wáyà inú kọ́mú ló há síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kan àwọn tó ń ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ gidigidi. Ẹ̀rọ tó ti Bìrìtéènì wá kò ní wàhálà, nítorí iná tiwọn àti tiwa bára mu. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. 120 fóòtì ni wọ́n ń lò nílé, iná wọn sì ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa jẹ́ 230 fóòtì, ó sì ń yí padà ní ìgbà 50. Bí a bá ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì wa ní tààràtà, ọjọ́ náà ló máa jóná. Tiransifọ́mà lè dín fóòtì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí 50 padà sí 60. Mọ́tò àtijọ́ tó gbára lé iye yìí á fi ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́ra ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ. Owó pọ́ọ́kú tí a fi rà á kò sọ èyí fún wa. Ìwé pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́, ó sì yẹ kí a kà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ìpele kẹta, dída omi nù, ni ìpele tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń dúró sí tí a ń pè é ní ikú. Kí ẹ tó rò ó pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹ wo rọ́bà ìdàminù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bóyá ó ká, bóyá ẹ̀rọ jókòó lé e, bóyá ẹnu rẹ̀ rì sínú omi gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni asẹ́ òwú inú agbọ̀n, àti asẹ́ pọ́ǹpù bí ẹ̀rọ bá ní in. Ohun kan wà tó yẹ kí a mọ̀ níbí yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ní pọ́ǹpù, mọ́tò kékeré kan ló ń fa fáàfù ìdàminù ṣí, òun náà ló sì ń tú bíréèkì tó di agbọ̀n mú, kí agbọ̀n lè yí fún ìfúnṣọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó fọṣọ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò da omi nù, tí kò sì fún aṣọ, kò ní àìsàn méjì. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ èyí kò ní gbà kí wọ́n gba owó iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpele ìkẹyìn ni ibi tí agbára ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí agbọ̀n bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 46, tí ó ń yí ní ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan, ohun tó wà létí rẹ̀ ń tì síta bí ẹni pé ó fi ìlọ́po 126 wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Agbára yìí ló ń ti omi jáde láti ihò agbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí táwẹ́lì tútù kan bá mú kí ẹ̀gbẹ́ kan fi kílò 1 wúwo ju èkejì lọ, ńṣe ni ó ń fa agbọ̀n bí ìwọ̀n kílò 126, tó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, sí ìhín sí ọ̀hún ní ìgbà mọ́kànlá ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń rìn kúrò láyè rẹ̀ nìyẹn, tó fi ń gbá ògiri, tó sì fi ń dúró láìtíì fún aṣọ tán. Ẹ ṣí i, ẹ tú aṣọ ká, kí ẹ má sì fọ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láìfi nǹkan mìíràn dọ́gba rẹ̀. Aṣọ òjò àti ohunkóhun tí omi kì í gbà kọjá kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìfúnṣọ, nítorí ó ń di omi mọ́ra bí àpò. Bí ẹrù bá dọ́gba tí ó ṣì ń gbọ̀n, ẹ wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ di igun méjì tó kọjú síra mú, kí ẹ mì í; bí ó bá ń ṣe gbọngbọn, ẹ yí ẹsẹ̀ tó kúrú títí gbogbo wọn yóò fi tẹ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dára, ẹ tẹ agbọ̀n mọ́lẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀ lójijì. Bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, àwọn ọ̀pá sípíríńgì ṣì lágbára. Bí ó bá ń jó lọ jó bọ̀, wọ́n ti rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo àlàyé yìí ń di ẹ̀bi ru ẹni tó ni ẹ̀rọ, pé àwọn tó ṣe é náà ń ṣe àìdáa, pé ẹ̀rọ òde òní kò lágbára bí ti àtijọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Samsung àti CPSC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, kéde ìpadàpè nǹkan bí mílíọ̀nù 2.8 ẹ̀rọ ìfọṣọ irú èyí, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì lásìkò ìfúnṣọ lè mú kí òkè ẹ̀rọ náà já kúrò. Ẹ̀bi àwọn tó ṣe é nìyẹn, kò sí aṣọ kan tí oníbàárà ìbá tò dáadáa tó máa wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn ènìyàn kí àtúnṣe tó dé: kí wọ́n fọ aṣọ ibùsùn, aṣọ ńlá àti aṣọ tí omi kì í gbà pẹ̀lú ètò ìfọṣọ tí kì í sáré púpọ̀. Agbára kan náà ni wọ́n ń bá jà, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fọṣọ náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Mímọ̀ tí a bá mọ ẹ̀rọ wa kò sọ ilé iṣẹ́ di aláìlẹ́ṣẹ̀. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí a lè fi ẹ̀rí sọ pé, “Ẹrù dọ́gba, ilẹ̀ tẹ́jú, iná dára; ẹ̀rọ yín ló ní àléébù.”

Ẹlòmíràn á ní kí ni àǹfààní oníṣẹ́ bí onílé bá ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn kedere. Iṣẹ́ wa dúró sí ara ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ ń tó láìtú àpótí: asẹ́, rọ́bà, ẹsẹ̀, ẹrù, ọṣẹ, púlọ́ọ̀gì. Ohun tó wà nínú, ẹ fi sílẹ̀. Kapásítọ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú. Bí ara ẹ̀rọ bá ń gbọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe fi bàtà rọ́bà bo ìṣòro náà mọ́lẹ̀: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ pe oníná kó wò ó bóyá wáyà tó ń kó iná lọ sínú ilẹ̀ wà nílé náà tàbí kò sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá yín so ohun tó ń ṣọ́ ìdérí pa kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ ní ṣíṣí. Agbọ̀n tó ń yí lè ká ọwọ́ ọmọdé mọ́ aṣọ kí ìyá rẹ̀ tó bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá sì lè sọ fún oníṣẹ́ pé, “Ó fa omi, ó fọ̀, kò da omi nù, mo ti wo rọ́bà àti asẹ́,” ti fi wákàtí kan pamọ́ fún un, ó sì ti fi owó pamọ́ fún ara rẹ̀.

Igi gógoró má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìtọ́jú tí ẹ̀rọ yìí ń béèrè kò pọ̀. Ṣáájú ìfọṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tú àpò aṣọ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ da òwú inú asẹ́ nù, ẹ ti ẹ̀rọ omi pa, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí iná tó máa ń dé lójijì má bàa ba á jẹ́, kí ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí kí inú rẹ̀ gbẹ, bí kò bá sí ọmọ kékeré nítòsí. Lóṣooṣù, ẹ fọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ fọ asẹ́ ẹnu omi, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá eku ti wọ̀ ọ́, nítorí abẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ṣí sílẹ̀, wáyà àti rọ́bà ibẹ̀ sì ni eku fẹ́ràn láti jẹ. Lọ́dọọdún, ẹ fọwọ́ pa rọ́bà tó ń gbé omi wọlé láti mọ̀ bóyá ó ti wú tàbí ó ti sán. Bí ó bá ti lo ọdún márùn-ún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó bẹ́ lọ́jọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Nígbà tí ẹ̀rọ yín bá tún dákẹ́, ẹ má ṣe gbá a. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin tó ń tẹ̀ léra: ṣé omi wọlé, ṣé àwo yí, ṣé omi jáde, ṣé agbọ̀n yí? Ibi tí ìdáhùn bá ti di “rárá” ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.